Nígbà Tí Ọ̀rọ̀ Bá Há sí Ọ̀fun: Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Àwòrán, Ijó, Orin àti Ìwé Kíkọ Tọ́jú Ọkàn Yín

Ohun tó bá dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Òótọ́ ni, àmọ́ ìrora kan wà tó jẹ́ pé bó ṣe ń pọ̀ sí i ni ọ̀rọ̀ ń tán lẹ́nu ẹni. Wọ́n á bi yín pé kí ló ṣe yín, ẹ ó ní kò sí nǹkan kan. Kì í ṣe irọ́ lẹ ń pa, ibi tẹ́ ẹ ó ti mú ọ̀rọ̀ náà lẹ ò mọ̀.

Mo ti wà níbẹ̀ rí. Lẹ́yìn tí ẹnì kan tó sún mọ́ mi gan-an kú, ọ̀pọ̀ oṣù ni mo fi ń dá gbogbo èèyàn lóhùn pé "mo wà dáadáa", bẹ́ẹ̀ sì rèé, oorun ti dá ojú mi. Lọ́jọ́ kan, mo gbé fóònù sétí, mò ń dúró kí wọ́n dá mi lóhùn, báírò wà lọ́wọ́ mi, bébà wà níwájú mi. Ìgbà tí mo máa fi wolẹ̀, mo ti fi báírò ha igun bébà yẹn dúdú títí ó fi lu. Ihò kékeré kan. Bí mo ṣe ń wo ihò yẹn ni omijé bọ́. Ẹkún àkọ́kọ́ tí mo sun láti ìgbà ìsìnkú nìyẹn.

Mi ò mọ̀ nígbà yẹn pé odindi iṣẹ́ kan wà tí wọ́n gbé karí irú nǹkan báyìí. Mo ti wá kọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀, mò ń lò ó fún ara mi, mo sì ti jókòó ti àwọn míì tó ń lò ó. Ohun tí mo kọ síbí ni bí ẹnikẹ́ni ṣe lè bẹ̀rẹ̀ nílé, àti ibi tó ti yẹ kéèyàn dúró kó lọ wá ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀.

Ibi tí ọ̀nà yìí ti wá

Lọ́dún 1938, ikọ́ ẹ̀gbẹ dá ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Adrian Hill, dùbúlẹ̀. Nígbà tí kò lè lọ síbì kankan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwọn nǹkan tó wà nítòsí ibùsùn rẹ̀, ó sì rí i pé ara òun ń fúyẹ́. Ó wá ń kọ́ àwọn aláìsàn ẹgbẹ́ rẹ̀ náà. Lọ́dún 1942 ló fún ohun tó ń ṣe lórúkọ: art therapy, ìyẹn fífi àwòrán tọ́jú ọkàn. Ọdún yẹn náà ni oníjó kan tó ń jẹ́ Marian Chace bẹ̀rẹ̀ sí í fi ijó bá àwọn tí ọpọlọ wọn ń dà láàmú ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn St. Elizabeths nílùú Washington. Àwòrán dá dúró, ijó dá dúró, orin náà ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Láàárín ọdún 1970 sí 1980 ni Shaun McNiff, Paolo Knill àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Lesley, ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Cambridge, Massachusetts, kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú kan. Òun là ń pè ní expressive arts therapy, ìyẹn fífi oríṣiríṣi iṣẹ́ ọnà pa pọ̀ tọ́jú ọkàn.

Ohun tó mú un yàtọ̀ ni pé ẹ ò ní jókòó ti iṣẹ́ ọnà kan ṣoṣo. Àwòrán á ṣílẹ̀kùn, ara á wọlé, ohùn á tẹ̀ lé e, ìwé kíkọ á wá kó ohun tó wà níbẹ̀ jáde. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe. Wọ́n á ya àwòrán tán, wọ́n á pa á dé, wọ́n á ní kò ṣiṣẹ́ fáwọn.

Ẹni tó bá sì ń sọ pé "èmi ò mọ àwòrán yà" kò ní àwáwí. Lọ́dún 2016, Girija Kaimal àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Drexel University ní kí àgbàlagbà 39 fi ìṣẹ́jú 45 ṣe iṣẹ́ ọnà, wọ́n sì yẹ itọ́ wọn wò ṣáájú àti lẹ́yìn náà. Cortisol, èròjà tí ara máa ń tú jáde nígbà ìdààmú, lọ sílẹ̀ lára nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn. Ẹni tó mọ̀ ọ́n yà àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yà, kò yàtọ̀. Ìwádìí kékeré ni, wọn ò sì fi wọ́n wé àwọn tí kò ṣe nǹkan kan, torí náà mi ò ní fi búra. Àmọ́ ó bá ohun tí ojú mi rí mu.

Kẹ́ ẹ tó mú báírò

Ọ̀nà yìí dára fún ìbànújẹ́, àníyàn, ọ̀fọ̀, ìbínú tí kò rí ibi gbà jáde, àti àárẹ̀ ọkàn tí kò lórúkọ. Àmọ́ bẹ́ ẹ bá ń ronú láti pa ara yín, tàbí ẹ̀ ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì ò gbọ́, tàbí ẹ ti fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ wà láìjẹun láìsùn, ẹ má dá jókòó ti bébà. Ẹ pe ẹni tẹ́ ẹ fọkàn tán lójú ẹsẹ̀, kí ó bá yín dé ilé ìwòsàn. Oògùn tí dókítà kọ fún yín náà, ẹ má tìtorí èyí dá a dúró.

Àwọn tó la ogun, ìfipábánilòpọ̀ tàbí jàǹbá burúkú kọjá lè ṣe ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí, àmọ́ kí wọ́n má ya ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn gan-an láìsí olùtọ́jú nítòsí. Ẹnu máa ń dúró ronú kó tó sọ̀rọ̀. Ọwọ́ kì í dúró, á ti débẹ̀ kẹ́ ẹ tó mọ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ yan ohun èlò tó bá bí ọkàn yín ṣe rí mu

Bébà funfun, báírò, pẹ́ńsùlù, kíréyọ̀nù, ìwé ìròyìn àtijọ́, àlùmọ́gàjí àti gọ́ọ̀mù ti tó. Bí ọ̀dà olómi tàbí amọ̀ bá wà, ó dáa, àmọ́ kì í ṣe dandan.

Ohun tí mi ò tètè mọ̀ ni pé ohun èlò kọ̀ọ̀kan ní ohun tó ń ṣe fún ọkàn. Sandra Kagin àti Vija Lusebrink, àwọn tó ń fi àwòrán tọ́jú ọkàn, ti la èyí sílẹ̀ láti ọdún 1978. Ohun tó le, bíi pẹ́ńsùlù àti bébà tí wọ́n ń gé, máa ń jẹ́ kéèyàn lè kó ara rẹ̀ níjàánu. Ohun tó ń ṣàn, bí ọ̀dà olómi àti amọ̀ tútù, máa ń fa ẹ̀dùn ọkàn jáde. Torí náà, bí ara yín bá kú tipiri tẹ́ ẹ ò mọ nǹkan kan lára, ẹ lọ síbi ohun tó ń ṣàn. Bí ọkàn yín bá ti kún dé ọ̀fun, ẹ di ohun tó le mú.

Mo ti rí ẹni tí àyà rẹ̀ ti ń já tẹ́lẹ̀ tó lọ da ọ̀dà pupa sórí bébà tó rin gbingbin. Bí ọ̀dà náà ṣe ń ṣàn kọjá etí bébà, bẹ́ẹ̀ ni òun náà ò lè dá ara rẹ̀ dúró mọ́, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹni tó ń darí wa ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó rọra gbé bébà tútù yẹn kúrò, ó gbé ìwé ìròyìn àti àlùmọ́gàjí síwájú rẹ̀, ó ní kó máa bá òun gé kìkì nǹkan tó bá ní àwọ̀ búlúù. Ó gé ojú ọ̀run, ó gé ẹ̀wù, ó gé ilẹ̀kùn mọ́tò kan. Nígbà tó fi máa gé nǹkan bíi mẹ́jọ, èémí rẹ̀ ti rọlẹ̀.

Bí bébà òfìfo bá ń bà yín lẹ́rù, ẹ kọ́kọ́ fi abọ́ fa òbìrí kan sí àárín rẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa ṣe gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá ń ṣe sínú òbìrí náà. Lọ́dún 2005, àwọn olùṣèwádìí méjì, Curry àti Kasser, rí i pé àníyàn àwọn tó kun òbìrí tó ní batani lọ sílẹ̀ ju tàwọn tí wọ́n fún ní bébà òfìfo pé kí wọ́n kùn ún bó ṣe wù wọ́n.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ dá àkókò fún un

Ẹ wá ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní já wọlé bá yín. Ẹ fi aago fóònù sí ìṣẹ́jú 45, kẹ́ ẹ sì pa gbogbo ìró tó kù. Mo máa ń fi bíi 5 gbọ́ ti ara, 20 fún iṣẹ́ ọwọ́, 10 fún wíwò, kí ìyókù jẹ́ ti ìwé kíkọ àti pípalẹ̀mọ́. Ẹ má fojú kéré aago yẹn. Ohun tó ń bani lẹ́rù nínú ìbànújẹ́ ni pé kò jọ ohun tó lópin, a máa ń rò pé bá a bá fi lè ṣílẹ̀kùn fún un, kò ní jáde mọ́. Aago ló máa sọ fún un pé ó tó fún tòní.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ bi ara yín pé "níbo ló wà?"

Ẹ jókòó, kí àtẹ́lẹsẹ̀ yín méjèèjì kanlẹ̀. Ẹ mí sínú, kẹ́ ẹ wá mí síta kó pẹ́ ju bẹ́ ẹ ṣe mí sínú lọ, lẹ́ẹ̀mẹ́fà tàbí méje. Ẹ má bi ara yín pé "kí ló ń ṣe mí?", torí ìbéèrè yẹn á dá yín padà sínú àròyé. Ẹ béèrè pé: níbo ló wà lára mi?

Èdè wa ti bá wa ṣe ìdajì iṣẹ́ yìí. Ìgbà wo la sọ pé ẹ̀rù ń bà wá tá ò fi àyà kún un? Àyà mi já. Inú mi bàjẹ́. Ọkàn mi ò balẹ̀. Ara mi ò lélẹ̀. Àpèjúwe lásán kọ́ nìyẹn, ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà gan-an là ń sọ. Torí náà, ẹ gbé ọwọ́ lé ibẹ̀. Ṣé ó wúwo ni? Ṣé ó gbóná? Bó bá ní àwọ̀, àwọ̀ wo ni? Bó bá máa mira, báwo ló ṣe máa ṣe é? Ẹ jẹ́ kí èjìká tàbí ọwọ́ yín ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ fa ìlà

Ẹ mú kíréyọ̀nù tó ní àwọ̀ tẹ́ ẹ rí yẹn, ẹ fi sí ọwọ́ tẹ́ ẹ kì í fi kọ̀wé. Ẹ dijú. Ẹ fa ìlà kan tí kò já, kó máa lọ síbi tó bá wù ú, bí ìgbà tí ọmọ kékeré ń ha ògiri. Ìṣẹ́jú kan ti tó. Ẹ lajú, kẹ́ ẹ yí bébà náà sọ́tùn-ún, sósì, sókè, sódò. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ ó rí ohun kan nínú rẹ̀: ojú, ẹyẹ, ọ̀nà, àga tó wó. Ohun náà ni kẹ́ ẹ wá fi àwọ̀ míì kùn jáde. Florence Cane, olùkọ́ àwòrán ní New York, ló máa ń fi ọ̀nà yìí tú ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sílẹ̀, àbúrò rẹ̀, Margaret Naumburg, sì mú un wọ inú ìtọ́jú ọkàn. Ó ń ṣiṣẹ́ torí pé ẹnikẹ́ni ò lè fi ojú dídì àti ọwọ́ òdì ya ohun tó "dára".

Ohùn kan á dé, tó máa ní "wo ìdọ̀tí tó ń ṣe yìí." Ẹ má bá a jà. Ẹ kọ ohun tó sọ sí igun bébà, kẹ́ ẹ sì máa bá iṣẹ́ yín lọ.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ wò ó, ẹ má túmọ̀ rẹ̀

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń bàjẹ́, torí náà ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ níbí.

Ẹ gbé àwòrán náà ti ògiri, kẹ́ ẹ sún sẹ́yìn bí ẹsẹ̀ mẹ́ta. Fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ máa sọ kìkì ohun tí ojú yín rí, kẹ́ ẹ sọ ọ́ jáde lẹ́nu. "Ìlà dúdú kan gba apá òsì wọlé. Ó nípọn nísàlẹ̀. Àwọ̀ yẹ́lò wà lókè, àmọ́ kò kan ìlà náà. Apá ọ̀tún ṣófo." Bẹ́ẹ̀ nìkan. Ẹ má sọ pé dúdú ni ọ̀fọ̀, pupa ni ìbínú. Kò sí ìwé ìtumọ̀ àwọ̀ kankan tó mọ̀ yín ju bẹ́ ẹ ṣe mọ ara yín lọ, ẹni tó bá sì ń wo àwòrán yín lẹ́ẹ̀kan tó ń sọ àṣírí ayé yín fún yín, ẹ sá fún un.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìbéèrè mẹ́ta péré. Ibo ni ojú mi kọ́kọ́ lọ? Kí ni mi ò fẹ́ wò? Bí apá kan nínú àwòrán yìí bá lè sọ̀rọ̀, kí ló máa sọ? Kí èyí tó kẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "èmi ni." Mo rántí ọ̀kan nínú tèmi, ohun tó jáde lẹ́nu mi ni: "Èmi ni ìlà tó nípọn nísàlẹ̀. Gbogbo ohun tó wà lókè, èmi ni mo gbé e. Ẹnikẹ́ni ò bi mí bóyá ó rẹ̀ mí." Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn wà níkùn mi. Ká ní ìtumọ̀ ni mo wá lọ, mi ò bá ti sọ pé ọ̀fọ̀ ló ń ṣe mí. Kò rí bẹ́ẹ̀: ó ti rẹ̀ mí láti máa gbé gbogbo ilé rù láti ìgbà tí ẹni yẹn ti kú.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ sọdá sínú iṣẹ́ ọnà míì

Ẹ dìde. Ẹ fi ara yín ṣe bí àwòrán náà ṣe rí. Bí ìlà bá tẹ̀, ẹ tẹ̀. Bó bá há mọ́ igun, ẹ há ara yín mọ́ igun yàrá. Ẹ dúró bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ́tí sí ohun tí ara ń béèrè: ó lè fẹ́ nà, ó lè fẹ́ gbọn, ó lè kàn fẹ́ fara ti ògiri. Ẹ jẹ́ kó ṣe é, díẹ̀díẹ̀. Bí ohùn bá fẹ́ tẹ̀ lé e, ẹ jẹ́ kó jáde, ì báà jẹ́ ìkérora tàbí orin àkùnsínú tí kò lọ́rọ̀. Ẹ ò ní í ṣe é ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ.

Bó bá ń tì yín lójú, kò burú, ó ti èmi náà lójú fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ẹ lè fi ìka ọwọ́ nìkan jó o lórí tábìlì.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀

Lọ́dún 1986, àwọn olùṣèwádìí méjì, James Pennebaker àti Sandra Beall, ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀wé fún ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́, fún ọjọ́ mẹ́rin. Àwọn kan kọ nípa ohun tó dùn wọ́n jù láyé wọn, ìṣẹ̀lẹ̀ náà àti bó ṣe rí lára wọn; àwọn yòókù kọ nípa nǹkan tí kò já mọ́ nǹkan kan. Ìbànújẹ́ àwọn tó kọ nípa ọgbẹ́ ọkàn wọn pọ̀ sí i ní kété tí wọ́n kọ ọ́ tán. Àmọ́ láàárín oṣù mélòó kan tó tẹ̀ lé e, wọn ò lọ rí dókítà tó àwọn yòókù. Torí náà, bọ́kàn yín bá wúwo lẹ́yìn tẹ́ ẹ kọ̀wé tán lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kì í ṣe pé ẹ ṣì í ṣe.

Lẹ́yìn àwòrán, ìṣẹ́jú mélòó kan tó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí gbólóhùn "èmi ni" yẹn, kí ọwọ́ má dúró. Ẹ má wá àmì ohùn, ẹ má ṣàtúnṣe, ẹ má wojú ẹnikẹ́ni. Bẹ́ ẹ bá rí i pé kókó kan ti fẹ́ gbé yín ṣubú, ẹ fi í sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ kọ nípa nǹkan míì. Bí ohun tó bà yín nínú jẹ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ lánàá, ẹ jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá kẹ́ ẹ tó fi báírò wa ibẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ pa á dé

Ẹ kọ déètì sẹ́yìn àwòrán, ẹ fún un lórúkọ oníọ̀rọ̀ kan, ẹ kó o pẹ̀lú ìwé tẹ́ ẹ kọ sínú àpòòwé, kẹ́ ẹ sì gbé e síbi tí ojú yín ò ní máa kàn án. Ẹ fi omi tútù fọ ọwọ́. Ẹ wo yàrá káàkiri, kẹ́ ẹ dárúkọ nǹkan márùn-ún tẹ́ ẹ rí. Ẹni tó bá kàn dìde lọ síbi iṣẹ́ láìṣe èyí máa rí i pé ọkàn òun ṣì wà nínú bébà títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ẹ má sì gbé e sórí Facebook tàbí WhatsApp. Ó kéré tán, kì í ṣe lọ́ṣù yẹn. Bí ẹnì kan bá ti lè sọ pé "ó mà rẹwà o", ìgbà míì tẹ́ ẹ bá fẹ́ ya òmíràn, òun lẹ ó máa yà á fún.

Ti orin

Bínú yín bá bàjẹ́, ẹ má sáré lọ fi orin aláriwo lé e. Àwọn tó ń fi orin tọ́jú èèyàn máa ń kọ́kọ́ fi orin tó bá bí ẹni náà ṣe wà mu bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó máa yí i padà díẹ̀díẹ̀. Ẹ to orin mẹ́fà: méjì tó wúwo bíi ti ọkàn yín, méjì tó fúyẹ́ díẹ̀, méjì tó bá ibi tẹ́ ẹ fẹ́ dé mu. Bẹ́ ẹ bá rí i pé méjì àkọ́kọ́ nìkan lẹ̀ ń tún gbọ́ ṣáá, ẹ pa á.

Bó bá jẹ́ ẹlòmíì, pàápàá ọmọdé, lẹ jókòó tì

Ẹ má béèrè pé "kí lèyí?" Ọmọ á rò pé ó yẹ kó jọ nǹkan kan. Ẹ sọ pé "sọ fún mi nípa rẹ̀." Ẹ má yìn ín pé ó mọ̀ ọ́n yà, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ rí: "O tẹ kíréyọ̀nù yìí mọ́lẹ̀ gan-an níbí." Bí kò bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ mú bébà tiyín, kẹ́ ẹ máa ya tiyín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ohun tó yà bá fi hàn pé ẹnì kan ń ṣe é níkà, ẹ má fi ìbéèrè há a mọ́gun, ẹ gbà á gbọ́, kẹ́ ẹ wá ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti dáàbò bo ọmọdé lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ wá olùtọ́jú

Bí àwòrán kan náà bá ń padà wá ṣáá tó sì ń dẹ́rù bà yín, bẹ́ ẹ bá ń jí lóru torí rẹ̀, tàbí tọ́sẹ̀ mẹ́rin bá kọjá tí nǹkan ń burú sí i, ó ti kọjá ohun tẹ́ ẹ lè dá ṣe. Ẹ bi ẹni tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ bá pé ibo ló ti kọ́ṣẹ́, ta ló ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀, ta ló ni àwòrán tẹ́ ẹ bá yà lọ́dọ̀ rẹ̀, kí ló sì máa ṣe bẹ́ ẹ bá ní ẹ ò fẹ́ ya nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tí ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn bá bí nínú, ẹ má padà lọ.

Bẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ gbé àpòòwé yẹn dání. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, mo máa ń tẹ́ àwọn tèmi sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí déètì wọn ṣe tẹ̀ léra, mo sì ń wá ohun tó ń padà wá. Ìlà tó nípọn nísàlẹ̀ yẹn wà nínú mẹ́sàn-án nínú méjìlá àkọ́kọ́. Ìyẹn ni mo kọ́kọ́ fi han olùtọ́jú mi, mi ò tiẹ̀ tíì sọ orúkọ ẹni tó kú fún un.